Omi Tí Wọ́n Bù Sí Kọnkéré

Ọjọ́ Ajé la tú pákó kúrò lára àwọn pílà náà. Méjìdínlógún ni gbogbo wọn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dán, wọ́n dúró ṣinṣin, igun wọn mú bíi kó gé èèyàn lọ́wọ́. Àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn, tí a dà nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, ló di afárá oyin. Gíránáìtì ta jáde lára wọn láti ìsàlẹ̀ dé ibi orúnkún, ihò ń wo ihò, irin sì yọjú níbi méjì. Káfíńtà tó mú òòlù lọ́wọ́ sún sẹ́yìn díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan." Mo ti rí i kó tó pè mí.

Oṣù kẹta ọdún 2022 ni, ní Ṣángótẹ̀dó, lójú ọ̀nà tó ti Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan là ń kọ́, èmi sì ni fóòmàn. Kò tíì pé oṣù márùn-ún nígbà náà tí ilé alájà mọ́kànlélógún wó ní Ìkòyí, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ó lé ní ogójì èèyàn tó kú síbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó wá wá oúnjẹ òòjọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Ara ò tíì tu ẹnikẹ́ni nídìí iṣẹ́ ilé kíkọ́ l'Ékòó. Ẹnjiníà wa dé, ó mú ọ̀pá irin kékeré kan, ó fi gún ọ̀kan nínú àwọn ihò náà, irin wọlé dé ìwọ̀n ìka méjì. Kò pariwo. Ó ní ká fọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dànù, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ọmọkùnrin tó di fàíbìrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbọn kọnkéré kó lè kì, mú lọ́jọ́ tí a dà á ni mo kọ́kọ́ kọjú sí. Mo bú u, mo bú baba tó bí i. Bàbá kan wà láàárín àwọn lébìrà wa tó wá láti Ìsàkété, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Bàbá Ìsàkété la sì ń pè é. (Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè má mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ti àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ọ̀pọ̀ táìlì tó wà nílẹ̀ àwọn ilé Èkó ni kò ní dọ́gba.) Bàbá yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ ti ògiri, ó ní:

"Ọ̀gá, ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Omi la bù sí i."

"Omi kẹ̀, Bàbá? Nígbà wo?"

"Nígbà tí ẹ lọ bá onítípà yẹn jà. Kọnkéré tó bá le kì í fẹ́ kúrò nínú páànù, ó sì ti rẹ̀ wá. A bomi sí i kó lè ṣàn." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Èyí tí a ò rí mu, a fún kọnkéré mu."

Ẹni tí kò bá tíì po kọnkéré rí á máa wò ó pé kí ni korobá omi kan fẹ́ bà jẹ́. Kọnkéré tí omi rẹ̀ bá mọ níwọ̀n wúwo, ó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, èjìká ní í dun ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì yí i. Bí o bá bomi kún un, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, á máa ṣàn bí ògì. Ṣùgbọ́n gíránáìtì á jókòó sísàlẹ̀, omi sìmẹ́ńtì á gba àárín pákó sá lọ, ohun tó máa kù nínú pílà ni òkúta tí kò rí ohun tó máa so wọ́n pọ̀. Èyí tí kò tilẹ̀ luhò, agbára rẹ̀ ti dín. Kò sí lébìrà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò mọ èyí. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì bomi sí i.

Ìyẹn ló gbé mi jókòó. Mo wá ń ro ọjọ́ Sátidé tí a dà á látòkèdélẹ̀. Aago méje àárọ̀ ni gbogbo wa ti pé. Gíránáìtì tí a ń retí kò dé títí aago mọ́kànlá. Ǹjẹ́ mo ní kí àwọn èèyàn yìí jókòó? Rárá o. Mo ní kí wọ́n máa kó búlọ́ọ̀kù láti ẹ̀yìnkùlé wá síwájú ilé, torí ojú mi ò lè gbà á kí ẹni tí mo ń sanwó fún káwọ́ gbera. Búlọ́ọ̀kù yẹn kò níṣẹ́ kankan níwájú ilé, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la tún kó o padà. Nígbà tí típà fi máa dé, ó ti rẹ̀ wọ́n kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó máa jẹun àfi bí a bá dà á tán. Báàgì píọ̀ wọ́tà méjì ni mo rà fún èèyàn mẹ́rìnlá. Ogún ọ̀rá ló ń wà nínú báàgì kan, ẹ ṣírò rẹ̀, kò tó ọ̀rá mẹ́ta tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú oòrùn oṣù kẹta. Kí aago kan tó lù, omi ti tán. Omi bọ́hòòlù tó wà nínú tánkì pọ́n, kò ṣe é mu, kọnkéré nìkan ló wà fún. Àwọn èèyàn yìí ń ru páànù lórí gun pákó lọ sókè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi fọ́ pílà mẹ́ta. Sìmẹ́ńtì tó bá a lọ kò ju báàgì mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ àwọn tó fọ́ ọ, ti káfíńtà tó tún pákó kàn, àti ti àwọn tó tún un dà, inú owó tèmi ni wọ́n ti yọ ọ́. Báàgì píọ̀ wọ́tà mélòó nìyẹn ì bá rà!

Ibi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ wà nínú ọ̀ràn yìí. Mọ́níyà ni, n'Ìbàdàn, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kò mọ ẹ̀rín. Ọdún mẹ́rin ni mo lò kí n tó ṣe fúrídọ̀ọ̀mù. Ọ̀gá mi máa ń ní lébìrà tí o kò bá sọ́ lójú, oorun ló máa sùn. Nítorí náà, ohun tí mo mú wá sí Èkó ní 2009 ni tírówẹ̀lì, ìwọ̀n, àti ojú líle. Nígbà tí mo di fóòmàn, mo gbà pé ojú mi ló ń mú iṣẹ́ jáde. Bí mo bá rìn lọ sẹ́yìn ilé, mo máa ń padà lójijì láti wo ta ló ti dúró. Ẹ̀yìn tí mo yí lọ́jọ́ Sátidé yẹn kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Mo wá ṣe ohun kan tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ra tapólì ńlá kan, mo ri ọparun mẹ́rin mọ́lẹ̀, mo ta á sórí rẹ̀. Mo to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀, mo fi pákó lé e, ó di bẹ́ǹṣì. Mo gbé kúlà omi ńlá kan síbẹ̀ àti ife mẹ́ta, mo sì ní kí ẹni tí òùngbẹ bá gbẹ lọ mu, kò gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Káfíńtà tiwa ní, "Ọ̀gá, ẹ ti kọ́ ilé ayò fún wọn nìyẹn." Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, wọ́n jókòó bí ẹni tó wá síbi ìsìnkú. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti sú wọn. Ẹnì kan á lọ mumi, á jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, á dìde fúnra rẹ̀.

Mo ní jọ́tà kan tí mo máa ń kọ iye búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà kọ̀ọ̀kan bá tò sí. Nígbà tí mo ṣí i wò, mo rí i pé ní oṣù kejì, kò sí ẹni tó kọjá àádọ́rùn-ún búlọ́ọ̀kù onínǹṣì mẹ́sàn-án lójúmọ́ nínú àwọn mẹ́rin wa. Ní òpin oṣù kẹrin, ẹni tó kéré jù ti ń tò ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́wàá. Èèyàn kan náà ni, yanrìn kan náà ni, owó kan náà ni mo sì ń san. Ẹ má gbàgbé pé irú búlọ́ọ̀kù yẹn wọ̀n ju ogún kílò lọ. Ẹni tó bá tò ọgọ́rùn-ún ti gbé ẹrù tó ju tọ́ọ̀nù méjì lọ láti ilẹ̀ dé àyà, tàbí ju àyà lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò ní sọ pé tapólì nìkan ló ṣe é, torí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú oṣù kẹrin, ara sì tutù. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rí láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán. Tẹ́lẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n ń tò ní wákàtí méjèèjì yẹn, ìlà náà á sì wọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Qatar. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Òun ló sọ fún mi pé láti 2021, òfin ibẹ̀ ò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló máa wá san owó wákàtí yẹn? Ó ní, "Ṣé o rò pé wọ́n fẹ́ràn wa ni? Àwọn tó kú ti pọ̀ jù." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi. Oòrùn tiwa kì í ṣe oòrùn aṣálẹ̀, mi ò lè dá iṣẹ́ dúró fún wákàtí márùn-ún ààbọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ 2023 dé, mo yí aago padà: aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀, a jẹun ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, a sinmi láti aago kan sí aago méjì, a ṣíwọ́ ní aago márùn-ún. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ké lé wa lórí nítorí ariwo àárọ̀, a sì gbà pẹ̀lú wọn pé hámà ò ní dún ṣáájú aago méje.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Mo ti ṣiṣẹ́ ní sáìtì tó ju ogójì lọ láyé mi, mi ò gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ òfin yìí níbì kankan rí. Ọmọ onílé kan tó ń ka ìwé òfin ló sọ ọ́ fún mi, ó sì jọ pé òun náà ò rò pé ó kan àwọn tó ń kọ́ ilé bàbá òun.

Oúnjẹ aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ yẹn ṣe ohun kan tí mi ò retí. Obìnrin kan máa ń gbé paraga kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa ní bí aago mẹ́wàá, mo sì ti lé e títí tó fi sú mi. Àwọn lébìrà á sáré jáde, wọ́n á da ife kékeré kan sọ́fun, wọ́n á ní ó ń lé ìrora. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ní ohun tó le ju paraga lọ nínú àpò wọn, oògùn ìrora tí wọ́n ń gbé mì bíi gúgúrú. Ìgbà tí oúnjẹ wá ń dé kí obìnrin yẹn tó kọjá, oníbàárà rẹ̀ dín kù láti mẹ́jọ sí mẹ́ta. Ebi ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń fi paraga tàn. Àwọn mẹ́ta tó kù, kí n má purọ́, wọn ò jáwọ́, mo sì ní kí ọ̀kan nínú wọn máa lọ ilé nígbà tí mo rí i tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí àjà, pákó tí a ń dúró lé ṣiṣẹ́ lókè.

Ìyá Ìbejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Òun ló ń pọnmi fún wa, ó sì máa ń ru kọnkéré bí ọkùnrin bí ọjọ́ dẹ́kìn, ìyẹn ọjọ́ tí a ń da kọnkéré òkè ilé, bá dé. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ló dé.

Mo ní, "Màmá, aago méje la ń bẹ̀rẹ̀ níbí."

Ó kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọmọ ni mo kọ́kọ́ mú lọ síléèwé. Kò sẹ́ni tó máa bá mi mú wọn lọ."

Mo ní kó máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a padà. Ẹni tí mo gbà dípò rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tó máa ń dé ní aago méje géérégé, tí yóò sì ti rẹ̀ ẹ́ tán ní aago méjì. Dúrọ́ọ̀mù á gbẹ, bíríkìlà á máa ké "Omi! Omi!", òun á wà lábẹ́ igi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ìdajì wákàtí la fi ń dúró de omi kí a tó lè po ohunkóhun.

Nígbà tí a yí aago padà sí mẹ́fà ààbọ̀, ìdààmú yẹn di ìlọ́po méjì. Bàbá Ìsàkété ló tún là á yé mi, bó ti ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́: "Kí ẹni tó máa pọnmi ti àárọ̀ pọn ọ́n ní ìrọ̀lẹ́." Mo ránṣẹ́ pe Ìyá Ìbejì. Mo ní kó máa dé ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, kó sì máa lọ ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti ṣíwọ́ tán. Ó ní àbúrò òun lè mú àwọn ọmọ láti iléèwé, àárọ̀ nìkan ni wàhálà. Láti ọjọ́ náà, bí bíríkìlà bá dé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, dúrọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ti kún dẹ́nu.

Ó tún kù. Kọnkéré tuntun kò fẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ kíákíá, ó kéré tán ó yẹ kí a máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje kó lè gba agbára. Iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn máa ń sá fún nìyí, torí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, ìrọ̀lẹ́ sì ni gbogbo ènìyàn ń sáré wá ọkọ̀. Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó ń wọ́n omi sí dẹ́kìn wa bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́. Ẹnjiníà kan tó wá wò ó ní ta ló ń ṣe èyí, mo nawọ́ sí i. Ẹni tí mo dá padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta nítorí wákàtí kan ààbọ̀.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kò pẹ́ rárá tí epo l'Ékòó gun láti nǹkan bí 190 náírà sí 488 náírà fún lítà kan. Àwọn méje nínú àwọn èèyàn mi ń ti Ìkòròdú wá sí ọ̀nà Ajah. Owó ọkọ̀ wọn di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì owó òòjọ́ lébìrà. Mo kọ́kọ́ ṣe bí mo ti máa ń ṣe: ẹni tó bá pẹ́, mo gé owó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn mẹ́ta kò wá mọ́. Ẹni tó dára jù nínú wọn ló kọ́kọ́ lọ, torí òun ló tètè rí ibòmíràn. Ohun tí kì í jẹ́ kí n gbà gbọ́ bí ẹnì kan bá ní òun ń fi gígé owó kọ́ òṣìṣẹ́ nìyẹn. Àwọn tí kò mọṣẹ́ ló máa ń dúró.

Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní sáìtì. Inú yàrá tí a ń kó sìmẹ́ńtì sí ni, lórí àpò òfìfo. Wọ́n á jí pẹ̀lú ikọ́, ẹ̀fọn á ti jẹ wọ́n bí ẹni jẹ àgbàdo sísun. Kò sí ẹni tó sùn bẹ́ẹ̀ tí yóò gbé búlọ́ọ̀kù dáadáa. Mo bá wọn jókòó, mo béèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Èmi tí mi ò béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún ààbọ̀ di ọjọ́ mẹ́rin tó gùn, kí àwọn lè dé ní ọjọ́ Ajé, kí àwọn lọ ilé ní Ọjọ́bọ̀ ìrọ̀lẹ́, kí owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ kan di ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ̀ẹ̀kan bọ̀. Àwọn Mùsùlùmí nínú wọn fẹ́ ẹ ju gbogbo wọn lọ, torí Jímọ̀ wọn á wà ní òmìnira. A fi páálí ìkọ́lé àti páànù àlòkù kọ́ yàrá kan síbi tó jìnnà sí sìmẹ́ńtì, a ta àwọ̀n ẹ̀fọn mẹ́fà síbẹ̀, a gbẹ́ ṣáláńgá tó ní ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yẹn, Ìyá Ìbejì ló bẹ̀bẹ̀ fún un. Kò sí ọkùnrin kankan tó ti rò ó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló dùn bí oyin. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ọjọ́rú kan, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọmọkùnrin kan tó ń rẹ́ ògiri òde já bọ́ láti orí àjà. Kò ga ju ẹni tó dúró lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ gba ilẹ̀. Wákàtí kẹwàá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, ọjọ́ kẹta léra. Ó ní òun ò mọ ìgbà tí ojú òun pa dé. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Ẹni tó ni ilé ní òun kọ́ ló tì í. Òfin 2010 kan wà nípa owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ta ló forúkọ ẹni tó ń gbowó òòjọ́ sílẹ̀? Àwa la dáwó jọ, a mú un lọ ya fọ́tò eegun, lẹ́yìn náà ó lọ sọ́dọ̀ ato-eegun kan tí ẹbí rẹ̀ mọ̀. Oṣù méjì ló lò nílé. Mo ṣì máa ń rántí bó ṣe jókòó, tó di ọwọ́ náà mọ́ àyà, tó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí.

A ò fi ọjọ́ mẹ́rin náà sílẹ̀ o. Ohun tí a yí padà ni pé lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gun àjà. Iṣẹ́ ilẹ̀ ló kù: kí a gé irin, kí a sẹ́ yanrìn, kí a to ohun ti ọ̀la sílẹ̀. Àìmọ̀kan tèmi ni pé mo ro gbogbo wákàtí bí ọ̀kan náà, pé bí mo bá ti ka mẹ́wàá, mẹ́wàá ló jẹ́. Wákàtí kẹwàá ẹni tó wà lókè àti wákàtí kejì rẹ̀ kò jọra rárá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ àgbàṣe. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀ bí nǹkan míì: ẹ fún wa ní ògiri yìí, ẹ dá iye lé e, bí a bá parí rẹ̀ ní aago méjì, ilé ti yá. Mo gbà fún wọn. Ẹnì kan tò àádọ́jọ búlọ́ọ̀kù lọ́jọ́ kan, mo sì ń yọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ inú yàrá náà, mo rí oòrùn tó ń gba àárín búlọ́ọ̀kù wọlé. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì sí ìsàlẹ̀, wọ́n kàn ti búlọ́ọ̀kù mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìfi nǹkan sáàárín. A wó ìlà mẹ́rin. Ní báyìí mo ṣì ń fún wọn ní àgbàṣe, ṣùgbọ́n mo máa ń wo ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù kí n tó sanwó, mi ò sì ní fi kọnkéré ṣe àgbàṣe láéláé. Ẹni tó bá fẹ́ tètè lọ ilé ni yóò bomi sí i.

Sáìtì tí mo wà báyìí wà ní ìhà Ìbẹ́jú. Ẹni tó ni ilé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ní bí aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó bá gbogbo wọn lábẹ́ tapólì, àwọn kan nà gbalaja. Ó wò wọ́n, ó wò mí. "Fóòmàn, ṣé oorun ni mò ń sanwó fún ni?" Mo mú jọ́tà jáde, mo fi iye búlọ́ọ̀kù ti oṣù méjì hàn án, mo fi iye tó kù hàn án. Ó kà á dáadáa, oníṣòwò ni. Kò tún sọ̀rọ̀ oorun mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé ilé tó ń wo ìwé owó tí mo kọ fún un, ó fa ìlà pupa lórí tapólì àti omi mímu, ó ní ìyẹn kì í ṣe ara ilé kíkọ́.

Owó ara mi ni mo fi rà á, bíi ti tẹ́lẹ̀. Atẹ́gùn òjò alẹ́ àná ti fà á ya níbi méjì. Bàbá Ìsàkété ń wá okùn, Ìyá Ìbejì sì ti ní òun máa mú abẹ́rẹ́ àpò wá lọ́la, kí n má lọ ra tuntun.